Kíkàn Kì í Ṣe Títẹ̀: Lámèyítọ́ Iṣẹ́ WorldKit Lórí Fífi Ògiri àti Àga Darí Ohun Èlò Ilé

Ìfáárà

Súìṣì ara ògiri wà lára àwọn ohun èlò tí a ń lò jù lọ nínú ilé, síbẹ̀ a kì í sábà ronú sí i. Ọwọ́ a máa mọ ibi tí ó wà kí ojú tó mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ó bá wọ yàrá rẹ̀ nínú òkùnkùn yóò na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, yóò fi àtẹ́lẹwọ́ wá ara ògiri lọ, yóò kan ike, yóò tẹ̀ ẹ́, yóò gbọ́ tí ó dún "kọ́", iná yóò sì tàn. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún báyìí tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ayárabíàṣá kan ti ń wá ọ̀nà tí irú súìṣì bẹ́ẹ̀ yóò fi kúrò lára ògiri pátápátá, kí ìmọ́lẹ̀ lásán sì dípò rẹ̀. Wọ́n fẹ́ kí ẹ̀rọ kan tí ó wà lókè máa tan àwòrán bọ́tìnnì sára ohunkóhun tí ó bá wà nínú ilé, ìbáà ṣe ògiri, tábìlì, ilẹ̀kùn tàbí apá àga, kí ẹni tí ó wà nínú ilé sì máa fọwọ́ kan àwòrán náà láti tan iná, láti pa fáànù, tàbí láti gbé ohùn tẹlifíṣàn sókè.

Ohun tí bébà yìí fẹ́ ṣe ni láti yẹ ọ̀kan pàtàkì wò lára irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Èyí ni WorldKit, tí Robert Xiao, Chris Harrison àti Scott Hudson ti Yunifásítì Carnegie Mellon, ní ìlú Pittsburgh ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, gbé kalẹ̀ níbi àpérò CHI tí ó wáyé ní Paris ní ọdún 2013. Ẹnìkan lè bèèrè pé kí ni ó kan àwa tí a ń kọ́ni ní èdè Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ yìí. Èrò tiwa ni pé lámèyítọ́ kò mọ sórí ewì, eré-oníṣe àti ìtàn àròsọ nìkan. Ohunkóhun tí ènìyàn bá ṣe, tí èrò kan sì wà nínú rẹ̀ nípa bí ó ṣe yẹ kí ẹ̀dá máa gbé nínú ilé, a lè kà á bí a ṣe ń ka ìwé. Yàtọ̀ sí èyí, èdè Yorùbá ní àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe kan nípa ọwọ́ tí wọ́n fi ibi tí iṣẹ́ yìí kù sí hàn gbangba ju bí èdè Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi kọ ọ́ ṣe lè fi hàn lọ. Lórí àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe wọ̀nyí ni a ó ti pẹ́ jù.

Ibi tí WorldKit ti ṣẹ̀ wá

A lè bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Pierre Wellner, ẹni tí ó ṣe DigitalDesk ní ibùdó ìwádìí ilé-iṣẹ́ Xerox ní Cambridge, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó sì tẹ àlàyé kíkún jáde lórí rẹ̀ ní ọdún 1993. Wellner gbé kámẹ́rà àti pírójẹ́kítọ̀ kọ́ sókè tábìlì ìkọ̀wé. Ènìyàn lè fi ìka tọ́ka sí nọ́ńbà tí ó wà lórí ìwé lásán, kámẹ́rà yóò ka nọ́ńbà náà, ẹ̀rọ ìṣirò tí a fi ìmọ́lẹ̀ yà sórí tábìlì yóò sì gbà á wọlé. Ohun kan wà nínú iṣẹ́ yìí tí a fẹ́ kí òǹkàwé fi sọ́kàn. Wellner mọ̀ pé kámẹ́rà òun rí ìka, ṣùgbọ́n kò lè sọ bóyá ìka náà ti kan tábìlì ni tàbí ó kàn ń rábàbà lókè rẹ̀. Nítorí náà, ó so maikirofóònù mọ́ abẹ́ tábìlì, kí ẹ̀rọ lè gbọ́ ìró ìka nígbà tí ó bá balẹ̀.

Ní ọdún 2001, Claudio Pinhanez ti ilé-iṣẹ́ IBM gbé dígí tí ó ń yí sí iwájú pírójẹ́kítọ̀, àwòrán sì lè ti ara ògiri kan bọ́ sí ara òmíràn. Ní ọdún 2010, Harrison, tí ó wà lára àwọn tí ó ṣe WorldKit lẹ́yìn náà, pẹ̀lú Desney Tan àti Dan Morris, ṣe Skinput, nínú èyí tí a ti tan bọ́tìnnì sí ara apá ènìyàn gan-an. Ohun kan tí a dì mọ́ apá ni ó ń tẹ́tí sí bí ìró ìka ṣe ń gba inú ẹran àti egungun kọjá. Skinput náà, bíi ti Wellner, etí ni ó fi ń ṣiṣẹ́. Ọdún 2010 kan náà ni Microsoft mú Kinect jáde fún eré orí tẹlifíṣàn. Kinect yàtọ̀ sí kámẹ́rà tí a mọ̀, nítorí pé ó ń wọn bí ohun kọ̀ọ̀kan tí ó wà níwájú rẹ̀ ṣe jìnnà tó. Andrew Wilson fi hàn lọ́dún náà pé a lè fi irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ mọ ìgbà tí ìka kan tábìlì láìfi ohunkóhun sínú tábìlì náà. Láti ìgbà náà ni àwọn onímọ̀ wọ̀nyí ti fi etí sílẹ̀ tí wọ́n sì gbára lé ojú. Ojú ni OmniTouch ọdún 2011 fi ṣiṣẹ́, ojú sì ni WorldKit náà fi ṣiṣẹ́.

Ohun tí WorldKit ń ṣe kò ṣòro láti ṣàlàyé. Pírójẹ́kítọ̀ kan àti kámẹ́rà tí ń wọn jíjìnnà ni wọ́n gbé sókè yàrá. Ẹni tí ó fẹ́ bọ́tìnnì yóò fi ọwọ́ pa ibi tí ó fẹ́ kí ó wà, bí ẹni ń nu eruku. Kámẹ́rà yóò ṣàkíyèsí ibi tí ọwọ́ náà dé, ìmọ́lẹ̀ yóò sì ya bọ́tìnnì síbẹ̀. Nínú ọ̀kan lára àwọn àpẹẹrẹ wọn, ènìyàn fi ọwọ́ pa apá àga tí ó jókòó sí, ibẹ̀ sì di rìmóòtù tẹlifíṣàn. Wọ́n ní ìrètí wọn ni pé lọ́jọ́ iwájú gbogbo ẹ̀rọ náà yóò kéré tó gílóòbù iná, tí a ó kàn máa yí i mọ́ ibi tí a ń yí gílóòbù mọ́.

A gbọ́dọ̀ yìn wọ́n kí a tó sọ̀rọ̀ mìíràn. Nínú ilé tí a mọ̀, oníṣẹ́ iná ni ó ń pinnu ibi tí súìṣì yóò wà, ó sì ti pinnu rẹ̀ kí ẹni tí yóò gbé inú ilé náà tó dé. WorldKit gbé ìpinnu yìí lé ẹni tí ó ń gbé inú ilé lọ́wọ́. Ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó súìṣì, ìyá àgbà tí kò lè na apá sókè mọ́, ẹni tí ó ń lo kẹ̀kẹ́ àwọn aláàbọ̀ ara, gbogbo wọn ni ó lè fi súìṣì sí ibi tí ọwọ́ tiwọn tó, kí wọ́n sì tún un gbé lọ́la. Ní ojú tiwa, ibí yìí ni iṣẹ́ náà ti níye lórí jù.

Bíbà, kíkàn àti títẹ̀

Báwo ni ẹ̀rọ ṣe ń mọ̀ pé a ti fọwọ́ kan nǹkan? Ó kọ́kọ́ ń wo ojú tábìlì tàbí ògiri nígbà tí kò sí ohunkóhun níwájú rẹ̀, yóò sì fi bí gbogbo ibẹ̀ ṣe jìnnà tó sọ́kàn. Bí ohun kan bá wá dé lẹ́yìn náà, tí ó fi díẹ̀ ga ju ojú tábìlì náà lọ, yóò gbà pé ìka ni, yóò sì gbà pé ìka náà ti kàn án. Kò lè sọ pé kí ó di ìgbà tí kò sí àlàfo rárá, nítorí pé ohun tí kámẹ́rà ń wọ̀n a máa mì díẹ̀ sókè sódò. Bí ó bá ní kí àlàfo tán pátápátá, yóò máa rí ìka níbi tí kò ti sí ìka. Nítorí náà ó gbọ́dọ̀ fi àlàfo kékeré kan sílẹ̀. Nínú OmniTouch, bí ìka bá ti sún mọ́ ojú nǹkan tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà kan, ẹ̀rọ ti gbà pé a ti tẹ bọ́tìnnì.

Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń pe gbogbo èyí, ọ̀rọ̀ náà sì gbòòrò tó bẹ́ẹ̀ tí kò sí ẹni tí yóò fura. Ẹ jẹ́ kí a gbìyànjú rẹ̀ ní Yorùbá. Bí a bá sọ pé ẹnìkan fọwọ́ bà nǹkan, ọwọ́ náà fúyẹ́, bí ìgbà tí ẹyẹ bà lé ẹ̀ka igi. Ẹni náà kò fi agbára sí i, ó sì lè má tíì pinnu ohun tí ó fẹ́ ṣe. Bí a bá sọ pé ó fọwọ́ kan nǹkan, ọwọ́ àti nǹkan náà ti pàdé. A kò sọ nǹkan kan nípa agbára, a kò sì sọ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ìdí nìyí tí a fi máa ń gbọ́ kí ènìyàn tọrọ àforíjì pé ọwọ́ òun ṣèèṣì kàn án ni. Ṣùgbọ́n bí a bá sọ pé ó tẹ nǹkan, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Agbára ti wọ̀ ọ́. Ohun tí a tẹ̀ a máa rẹlẹ̀, tàbí kí àmì wà lára rẹ̀: a ń tẹ ìwé, ọ̀rọ̀ a sì wà lára tákàdá, a ń tẹ ìlú dó, ilé a sì wà níbẹ̀. Igi tí ẹrù wúwo wà lórí rẹ̀ náà, a ní ó tẹ̀.

Bí a bá fi òsùwọ̀n yìí wo WorldKit, ohun tí ẹ̀rọ náà lè mọ̀ kò ju kíkàn lọ, nígbà mìíràn kò tilẹ̀ dé kíkàn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́ jẹ́ iṣẹ́ títẹ̀. Títan iná, pípa tẹlifíṣàn, gbígbé ooru sítóòfù sókè, ìpinnu ni gbogbo wọn. Súìṣì ara ògiri ń bèèrè agbára díẹ̀ lọ́wọ́ wa, agbára díẹ̀ yẹn ni ó sì ń ya ẹni tí ó mọ̀ọ́mọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí ó ṣèèṣì. Aṣọ tí ó já sórí apá àga, àwo oúnjẹ tí a gbé kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, ológbò tí ó fò gun orí àga, gbogbo wọn ni ó ga díẹ̀ ju ojú àga lọ. Ẹ̀rọ tí kò mọ títẹ̀ gbọ́dọ̀ wá ọgbọ́n mìíràn láti mọ̀ wọ́n yàtọ̀ sí ìka ẹni tí ó ni ilé. Etí tí Wellner fi sábẹ́ tábìlì ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀wádún 1990 sún mọ́ òótọ́ ju ojú yìí lọ, nítorí pé ìró kì í wáyé láìjẹ́ pé nǹkan méjì lura wọn.

Ìṣòro kejì wà lọ́wọ́ ẹni tí ó ń lò ó. Ògiri le níbi tí bọ́tìnnì wà, ó sì le bákan náà níbi tí kò sí. Ìka kò rí ìdáhùn kankan gbà. Nítorí náà ojú ni ó gbọ́dọ̀ máa ṣe iṣẹ́ ọwọ́, iṣẹ́ tí ọwọ́ ti ń dá ṣe nínú òkùnkùn láìbèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn tí wọ́n ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ni fún àwọn afọ́jú, bí irú èyí tí wọ́n ń ṣe ní Federal College of Education (Special) ní Ọ̀yọ́, yóò tètè mọ ohun tí a ń sọ. Ẹni tí ó ń fi ìka ka ìwé Braille ń ka ohun tí ó yọ sókè. Bọ́tìnnì tí kò yọ sókè, tí kò sì rẹlẹ̀, kò sí níbẹ̀ rárá fún un. A mọ̀ pé fóònù onídígí náà pẹlẹbẹ, àti pé láti ọdún 2009 ni iPhone ti ní VoiceOver tí ń pe orúkọ ohun tí ó wà lábẹ́ ìka. Ògiri náà lè sọ̀rọ̀ bí wọ́n bá kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ìka ẹni tí ó mú fóònù dání mọ etí fóònù rẹ̀. Ta ni yóò fi ìka wá gbogbo ògiri ilé kí ó tó gbọ́ ibi tí súìṣì wà?

Kí a má ṣe ẹnikẹ́ni ní àìdáa, ibì kan wà tí àìsí ohun tí a lè dì mú ti jẹ́ àǹfààní. Nínú ilé ìdáná, ọwọ́ ẹni tí ó ń po ìyẹ̀fun tàbí tí ó ń fọ ẹja kò yẹ ní ara súìṣì tàbí fóònù. Àwòrán tí a tàn sórí tábìlì kò lè dọ̀tí. Bí a bá nu tábìlì, a ti nu bọ́tìnnì. Ní ibẹ̀, a kò ní àtakò, bí kò ṣe pé aṣọ ìnutábìlì náà ga díẹ̀ ju ojú tábìlì lọ.

Apá àga ta ni?

Àpẹẹrẹ apá àga tún fi èrò mìíràn hàn tí a rò pé àwọn oǹkọ̀wé náà kò kíyè sí. Ẹnìkan ṣoṣo ni ó jókòó nínú pálọ̀ wọn. Pálọ̀ tí àwa mọ̀ kì í rí bẹ́ẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Bàbá wà níbẹ̀, àwọn ọmọ wà nílẹ̀, àlejò lè wọlé nígbàkúùgbà. Rìmóòtù nínú irú pálọ̀ bẹ́ẹ̀ ju ohun èlò lọ. Ọwọ́ ẹni tí ó wà ni a ti ń mọ ẹni tí ó ní àṣẹ lórí ohun tí a ó wò. Ọmọ a máa fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún àgbà. Ìyá a máa gbé e pamọ́ ní àkókò ìdánwò. A máa ń sọ fún ọmọdé pé "Bá mi mú rìmóòtù wá", ọmọ náà a sì dìde. Àwòrán tí ó wà lára àga kò ṣeé gbé fún ẹnikẹ́ni, kò ṣeé gbà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kò sì ṣeé gbé pamọ́. Bí ọmọ bá fẹ́ yí ohun tí bàbá ń wò padà, ó ní láti na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìgúnpá bàbá. Bí olúkúlùkù bá sì ya bọ́tìnnì tirẹ̀ sí apá àga tirẹ̀, kò sí ẹni tí yóò mọ ẹni tí ó pa tẹlifíṣàn. A kò sọ pé ìlànà tiwa ni ó dára jù. Ohun tí a ń sọ ni pé ohun tí wọ́n yọ kúrò kì í ṣe ike àti bátìrì nìkan.

Ọ̀rọ̀ kámẹ́rà kò gba àlàyé púpọ̀. Ẹ̀rọ tí yóò mọ ìgbà tí ìka dé ibikíbi nínú yàrá gbọ́dọ̀ máa wo gbogbo yàrá ní gbogbo ìgbà.

Iná tí ń ṣọ́ iná

Súìṣì ara ògiri kì í jẹ iná nígbà tí ó ń dúró dè wá. Pírójẹ́kítọ̀, kámẹ́rà àti kọ̀ǹpútà tí ó dípò rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lójúfò kí bọ́tìnnì tó lè wà níbẹ̀ rárá. Ní Pittsburgh, bóyá owó iná tí yóò gorí i nìkan ni ìṣòro. Ní Nàìjíríà, níbi tí àkópọ̀ iná orílẹ̀-èdè ti dojú dé lọ́pọ̀ ìgbà ní ọdún 2024 nìkan, ọ̀rọ̀ náà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wo ṣéńjóòfà tí ó wà lára ògiri ọ̀pọ̀ ilé wa. Apá irin rẹ̀ wà lókè, tàbí ní àárín, tàbí nísàlẹ̀. Ibi tí apá náà wà ni ó ń sọ fún wa bóyá iná ìjọba ni a ń lò tàbí iná jẹnẹrétọ̀, ó sì ń sọ ọ́ nígbà tí kò sí iná rárá. Súìṣì gílóòbù tí a fi sílẹ̀ ní títàn ń ṣe bákan náà: ó rántí ohun tí a fẹ́ títí iná yóò fi dé, ìdí sì nìyí tí àwọn ọmọ àdúgbò fi tètè ń hó. Bọ́tìnnì tí ó jẹ́ ìmọ́lẹ̀ kò lè sọ nǹkan kan nígbà tí iná bá lọ, bí ó bá sì dé, kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jí kí gílóòbù tó tàn. Oòrùn ọ̀sán náà jẹ́ ọ̀tá rẹ̀. Kinect àkọ́kọ́ ń fi ìtànṣán tí ojú kò lè rí wọn jíjìnnà, ìtànṣán oòrùn a sì máa bò ó mọ́lẹ̀. Àwòrán pírójẹ́kítọ̀ gan-an a máa ṣá nínú pálọ̀ tí fèrèsé rẹ̀ ṣí.

Nígbà tí ó dé ọjà

Ẹ̀rí ọjà kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó yẹ ní gbígbọ́. Ní ọdún 2017 ni Sony gbé Xperia Touch jáde, ẹ̀rọ kékeré tí ó ń tan àwòrán tí ó fẹ̀ tó ínṣì 23 sórí tábìlì tàbí ògiri, tí a sì lè fọwọ́ kàn. Owó yúrò 1,499 ni wọ́n pè é ní ilẹ̀ Yúróòpù, iye tí ó lè ra súìṣì gbogbo ilé àti ti aládùúgbò. Sony ti ṣíwọ́ ṣíṣe rẹ̀.

Ai Pin tí ilé-iṣẹ́ Humane ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà ní oṣù kẹrin ọdún 2024 tún kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́ mìíràn. Kì í ṣe ohun èlò ilé, àyà aṣọ ni a ń fi kọ́, ó sì ń fi ìtànṣán lésà aláwọ̀ ewé kọ̀wé sí àtẹ́lẹwọ́ ẹni tí ó ni ín. Dọ́là 699 ni wọ́n ń tà á nígbà tí ó jáde, pẹ̀lú dọ́là 24 lóṣooṣù. Àwọn tí ó ṣe é kò ní kí ènìyàn fi ìka kejì kan àwòrán náà. Ẹni tí ó ń lò ó yóò yí ọwọ́ díẹ̀díẹ̀ láti yan ohun tí ó fẹ́, yóò sì fi àtàǹpàkò lu ìka mìíràn ní ọwọ́ kan náà láti fọwọ́ sí i. Lójú tiwa, ìjẹ́wọ́ ni èyí: ìka tí ó lu ìka ń rí ìdáhùn gbà. Ṣùgbọ́n kò gbà á là. Ní oṣù kejì ọdún 2025, HP kéde pé òun yóò ra ọ̀pọ̀ ohun ìní Humane ní mílíọ̀nù 116 dọ́là, nígbà tí ó sì di ọjọ́ 28 oṣù náà, wọ́n já Ai Pin kúrò lára kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ tí ó ń darí rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni púpọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ti dópin lọ́wọ́ àwọn tí ó ti sanwó rẹ̀. Bí súìṣì ilé bá wà lábẹ́ irú àkóso bẹ́ẹ̀, títà ilé-iṣẹ́ kan ní ìlú òkèèrè lè pa iná pálọ̀ ẹni.

Ọ̀rọ̀ tí a ó máa lò nínú kíláàsì

Ó ku ohun tí ó kan àwa olùkọ́ gan-an. Ọ̀pọ̀ ìtọ́sọ́nà tí a ń rí ní Yorùbá lórí fóònù àti ẹ̀rọ ìgbowó ilé ìfowópamọ́ ń lo "tẹ" fún ohun gbogbo: tẹ ibí, tẹ nọ́ńbà kan, tẹ àwòrán yìí. Lórí fóònù onídígí, èyí ti ń ṣini lọ́nà. A ti rí àgbà obìnrin kan tí ó gba ìtọ́sọ́nà náà gbọ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́, tí ó ń fi àtàǹpàkò tẹ dígí fóònù rẹ̀ kíkankíkan, tí fóònù sì ń ṣí ohun tí kò bèèrè nítorí pé ó pẹ́ lórí rẹ̀ jù. Ẹni tí ó kọ "tẹ" ni ó ṣì í lọ́nà, ìyá náà gbọ́ Yorùbá dáadáa.

Àbá wa ni pé kí a fi "tẹ" sílẹ̀ fún ohun tí ó bá lè rẹlẹ̀ lábẹ́ ìka, bíi súìṣì, rìmóòtù àti bọ́tìnnì ẹ̀rọ ìgbowó. Kí a máa lo "fọwọ́ kan" fún ojú dígí. Kí a sì máa lo "fọwọ́ ba àwòrán" fún ohun tí a fi ìmọ́lẹ̀ tàn sára ògiri tàbí tábìlì, nítorí pé ẹ̀rọ rẹ̀ kò bèèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì lè gbà kí ọwọ́ tó débẹ̀. Ẹni tí ó bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìmọ̀ ẹ̀rọ lè bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀: kí ó kó súìṣì àlòkù kan, fóònù kan àti àwòrán bọ́tìnnì tí a fi ṣọ́ọ̀kì yà sára ògiri síwájú wọn, kí ó ní kí wọ́n dijú, kí wọ́n sì sọ èyí tí ọwọ́ wọn rí.